Ìlà Funfun Inú Ẹní Impi

Ní oṣù kẹfà, nígbà tí oòrùn bá ti gbàgbé ọ̀nà ilé tí kò fẹ́ wọ̀ mọ́, àwọn obìnrin Kaislaranta, ìlú wa nítòsí Helsinki, á di ẹní àkísà wọn sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á gbé e lọ sí afárá ìfọní létí adágún. Pákó ni wọ́n fi kan afárá náà, tábìlì gígùn sì wà lórí rẹ̀ tí a ń tẹ́ ẹní lé. Ọṣẹ oje igi páìnì la fi ń fọ̀ ọ́, omi adágún la fi ń ṣàn án. Ẹni méjì ló sì ń fún ẹní kan: ọ̀kan á di orí mú, ọ̀kan á di ìdí mú, wọ́n á lọ́ ọ títí omi á fi tán lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ẹnìkejì, kó jókòó sílé pẹ̀lú ẹní ìdọ̀tí rẹ̀.

Láti kékeré ni Saimi ti jẹ́ ẹnìkejì Impi, ìyá bàbá rẹ̀.

Ẹní Impi ló gùn jù létí omi. Òun fúnra rẹ̀ ló hun ún, ní apá kan lẹ́yìn apá kan, tó ń rán wọn pọ̀ láti ìgbà ọmọge rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì. Aṣọ gbígbó ló ń fà ya tẹ́ẹ́rẹ́ hun, kò sì sí ìlà kan níbẹ̀ tí kò ní ìtàn. Funfun ni aṣọ ibùsùn àwọn olówó Helsinki tí wọ́n kọ́ ilé ìgbafẹ́ yí adágún ká nígbà tí ojú irin kọ́kọ́ dé. Ìyá Impi ni alágbàfọ̀ wọn. Pupa ni kọ́tìnì ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń gbé wọn láti ibùdókọ̀ rélùwéè lọ sílé. Àwọ̀ eérú ni ṣòkòtò àwọn tó ń fi ayùn rẹ́ omi adágún tó bá dì, tí wọ́n ń kó o lọ tà ní Helsinki. Àwọ̀ ilẹ̀ ni kóòtù ọkọ Impi, ẹni tí ogun lé kúrò ní ìlà-oòrùn pẹ̀lú màlúù kan ṣoṣo. Yẹ́lò ni kọ́tìnì àwọn ilé alájà tí wọ́n kọ́ gbẹ̀yìn, fún àwọn tó ń sùn lọ́dọ̀ wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Helsinki.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìjọba sọ Kaislaranta di ìlú ńlá. Kò yí nǹkan kan padà. Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ṣì ń kó wa lọ, ti ìrọ̀lẹ́ ṣì ń dá wa padà. Àwọn ará Helsinki ṣì ń pè wá ní ará oko, àwọn ará oko sì ń pè wá ní ará Helsinki. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ṣe àjọyọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n sì ní kí Impi jẹ́ kí àwọn gbé ẹní rẹ̀ kọ́ sára ògiri, kí ẹnì kan dúró tì í, kó máa sọ ìtàn ìlà kọ̀ọ̀kan. Ohùn Impi ti ń já. Ó ní ẹni tó bá bá òun fọ ẹní náà lọ́dún yìí ni yóò sọ ọ́, ẹni tó bá sì sọ ọ́ ni yóò jogún rẹ̀. Saimi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ ra búrọ́ọ̀ṣì tuntun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìfọní, Impi da kọfí sínú àwo pẹlẹbẹ, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ní, "Gunvor ni yóò bá mi fọ̀ ọ́."

Gunvor ni ìyàwó Oiva, ẹ̀gbọ́n Saimi. Helsinki ló ti wá, kò tíì lo ọdún kan láàrin wa.

"Gunvor wo?" Saimi béèrè.

"Gunvor mélòó la ní nílé yìí?"

"Màmá, kò mọ orí ẹní yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀."

"Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n nígbà kan. Ńṣe lo máa ń jókòó lé e lórí pé kí n máa wọ́ ọ."

Oiva bú sẹ́rìn-ín. "Saimi, jẹ́ kí ẹ̀yìn ro ìyàwó mi náà díẹ̀. Ó rò pé ìgbafẹ́ lòun bá wá."

"Ẹ̀yìn mi le dáadáa," Gunvor fèsì. "Ẹ kàn kọ́ mi ni, Àǹtí Saimi."

Àǹtí tó pè é yẹn dùn ún ju èébú lọ, torí kò fún un láyè láti bínú. Saimi dìde, ó ká ẹní ilé ìdáná tí kò dọ̀tí rárá, ó tẹ̀ lé wọn lọ sí adágún.

Tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ló dúró sí. Bí Impi ti ń fi ìka tọ́ka sí ìlà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ètè Saimi ń mì. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí kò mọ̀ kí Impi tó sọ ọ́. Ó ń gbo ẹní tirẹ̀, ó ń rò ó pé, ẹ jẹ́ ká wo bí àlejò yìí yóò ṣe rántí ìdajì rẹ̀.

Wọ́n dé ìlà pupa. Gunvor dá búrọ́ọ̀ṣì dúró. "Màmá, ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn?"

Impi gbé búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín bí ọmọge. "Ẹni tó ń kó èédú sínú iná rẹ̀ ni kí o béèrè. Vilppu lorúkọ rẹ̀. Eyín rẹ̀ nìkan ló funfun lára rẹ̀. A máa ń jó lórí pèpéle tó wà létí omi lọ́hùn-ún, tí mo bá sì délé, ìyá mi á rí èédú lẹ́yìn aṣọ mi, níbi tó gbé ọwọ́ lé."

"Wọ́n á nà yín?"

"Ó fọ aṣọ náà ni. Ṣebí alágbàfọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n tú ọkọ̀ náà palẹ̀, Vilppu ló gé kọ́tìnì rẹ̀ wá fún mi."

Ọwọ́ Saimi dúró nínú ọṣẹ. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń gbo ìlà pupa yẹn, kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ń jó nínú rẹ̀. Owú gun òkè láti inú rẹ̀ wá. Obìnrin tó dé lánàá béèrè ọ̀rọ̀ kan péré, wọ́n sì ṣí yàrá kan fún un tí òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Ó rẹ Impi. Ó mú fúláàsì kọfí rẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Ìdọ̀tí kan kò kúrò nínú ìlà funfun. Gunvor gbò ó, gbò ó, kò lọ. Ó bá wo ilé ìwẹ̀ olóoru tó wà létí omi, tí èéfín ti ń jáde lára rẹ̀, ó gbé garawa, ó sì lọ bu omi níbẹ̀.

Saimi rí ooru tó ń gòkè lẹ́nu garawa náà bó ti ń bọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Kaislaranta pé omi gbígbóná kì í kan ẹní tó ti pẹ́. Aró àtijọ́ ò lè fara dà á. A kì í kọ́ ẹnikẹ́ni; ńṣe lèèyàn ń mu ún mọ́ ọmú. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi rántí sọ fún Gunvor.

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n Saimi. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ó tẹrí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbo ẹní tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó gbójú sókè, ìlà pupa ti ń ṣàn wọ inú funfun, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti fẹ́ lọ tipẹ́. Gunvor ń da omi tútù lé e. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Impi dé, ó fi ìka kan ìlà tó ti bàjẹ́ náà. "Ta ló bu omi gbígbóná?"

"Èmi ni, Màmá. Mo ti bà á jẹ́ fún yín."

"Ìwọ ńkọ́, Saimi? Níbo lo wà?"

"Mo wà níbí."

"O wà níbí," ni Impi wí, kò sì bínú, èyí ló burú jù. "Nígbà tí mo mú ọkọ mi wálé, gbogbo ìlú ń sọ pé màlúù rẹ̀ ni mo fẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé yìnyín ẹnu odò kì í le. Màlúù náà rì síbẹ̀, wọ́n sì ń wò ó." Ó yíjú sí Saimi. "Ìwọ ni yóò dúró ti ẹní yìí ní gbọ̀ngàn. Sọ gbogbo ìlà rẹ̀. Má fo ọ̀kankan, ti òní pẹ̀lú. Ó yá, ẹ fún un, ẹ̀yin méjèèjì."

Wọ́n di orí àti ìdí mú, wọ́n ń lọ́ ọ. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́.

"O rí mi," Gunvor wí wẹ́rẹ́. Kò pè é ní àǹtí.

"Mo rí ọ."

Lọ́jọ́ àjọyọ̀, gbọ̀ngàn kún. Ohun tí Saimi ń fẹ́ láti kékeré ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó sì wúwo bí ẹní tí a kò tíì fún. Ó sọ ti àwọ̀ eérú, ó sọ ti àwọ̀ ilẹ̀, àwọn èèyàn ń mi orí. Ó dé ìlà tó ti di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Impi jókòó níwájú, ó fi àgbọ̀n ti ọ̀pá.

"Funfun lèyí tẹ́lẹ̀," Saimi wí. "Omi gbígbóná ló sọ ọ́ dà báyìí. Ẹni tí kò mọ̀ ló dà á sí i. Ẹni tó mọ̀ dúró sí tòsí, kò sọ̀rọ̀. Èmi ni mo mọ̀."

Gunvor bá na ọwọ́ sókè láàrin èrò.

"Èmi ni mi ò mọ̀. Ní Helsinki, a gbà pé omi gbígbóná ló ń mú ohun gbogbo rọ̀, títí kan ọkọ. Kò ṣiṣẹ́ fún Oiva náà."

Ẹ̀rín sọ. Wọ́n ní kó bọ́ síwájú. Ó bọ́ síwájú, ó sọ ìtàn Vilppu àti èédú ẹ̀yìn aṣọ, ẹ̀rín wọn sì pọ̀ ju orí tí wọ́n mì fún Saimi lọ. Owú náà tún gbérí. Saimi mọ̀ pé owú kì í kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ orí ẹní, ó gbé owú náà mì.

Lálẹ́, àwọn méjèèjì gbé ẹní náà lé èjìká, Impi ń rìn láàrin wọn, adágún ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Saimi fi ọwọ́ pa ìlà aláwọ̀ ilẹ̀.

"Màmá, kóòtù Bàbá yìí. Ta ló wọ̀ ọ́ kí ó tó di tirẹ̀?"

Impi dúró. Ó wo Saimi bí ẹni tó ti ń retí àlejò, tó wá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Gunvor," ó wí, "sọ ìdí ẹní yẹn sílẹ̀, kí o máa lọ níwájú. Ti Saimi lèyí."

Gunvor ń lọ. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Saimi rí ojú náà, ojú tí òun náà fi wò ó ní afárá ìfọní, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa.