Aṣọ Kérésì tí Ọmọ́ṣọlá Hun fún Tíṣà

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1954 ni Tíṣà Rhoda ti Ìsánlú wá sí Kàbà, láti ìgbà náà ni Ọmọ́ṣọlá kò sì ti ní ọmọ mọ́. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Lucy, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ṣì ń sùn nílé, ó ṣì ń jẹun nílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju ti Tíṣà lọ. Tíṣà ní kí àwọn máa gé èékánná. Tíṣà ní kí wọ́n máa dé ìkòkò omi. Tíṣà ní kò yẹ kí ènìyàn máa sọ̀rọ̀ bí oúnjẹ bá wà lẹ́nu.

"Ṣé Tíṣà ló bí ọ ni?" Ọmọ́ṣọlá bi í lọ́jọ́ kan.

Lucy rò pé ìyá òun ń ṣeré ni. Ó rẹ́rìn-ín.

Ahunṣọ ni Ọmọ́ṣọlá. Láti ìlú Ìyàrá ni wọ́n ti ń wá ra aṣọ kíjìpá rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wa kùsà ní Jọ́ọ̀sì, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun kò ní lè wálé fún Kérésì. Òun àti Lucy nìkan ló wà nílé. Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ náà bá ti ilé ìwé dé, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ nídìí òfì ni yóò jókòó sí, yóò máa ká òwú fún un, wọn yóò sì jọ máa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nísinsìnyí, bó bá ti dé, ìyẹ̀wù ló ń gbà lọ tòun ti abẹ́rẹ́.

Tíṣà ti sọ fún àwọn ọmọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ẹ̀bùn Kérésì, kí kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nílé. Lucy wá aṣọ tẹ́rù funfun, ó rán an bí àpò ìrọ̀rí, ó sì ń fi òwú pupa ṣe òdòdó sí etí rẹ̀. Ọmọ́ṣọlá rí i, inú rẹ̀ dùn. Ìrọ̀rí tirẹ̀ ti gbó tí ohun inú rẹ̀ ń yọ síta. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Òdòdó yìí mà dára o. Ta lo ń ṣe é fún?"

"Tíṣà ni, Ìyá." Lucy kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ wò ó, ṣé ewé yìí kò wọ́?"

"Kò wọ́."

Ó wọ́. Ọmọ́ṣọlá rí i pé ó wọ́. Ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró ti ìkòkò aró, ó dúró síbẹ̀ títí ọbẹ̀ fi jóná. Òun tí ó fi ẹnu fa ikun imú ọmọ yìí nígbà tí kò lè mí! Ẹni tí kò tíì bímọ rí, ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ nílùú, òun ni òdòdó wá ń yọ fún.

Lọ́jọ́ kejì, ó ta òwú sórí òfì. Òwú tí ó rẹ láró lẹ́ẹ̀méje, tí ó ti ń pa mọ́ de aṣọ ìgbéyàwó Lucy, òun ló gbé jáde. Nígbà tí ọmọ náà bá wà níléèwé ló ń hun ún. Bó bá kù díẹ̀ kó dé, á fi aṣọ bo òfì. Ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ ni pé ẹ jẹ́ á wo ọwọ́ ẹni tí Tíṣà yóò yìn. Ojú ń tì í díẹ̀ pé òun ń bá ọmọ tí òun bí du iyì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, nígbà tí Lucy lọ pọnmi, Ọmọ́ṣọlá gbé aṣọ náà lọ sílé Tíṣà.

"Okun o, Tíṣà," ni ó fi kí i.

"Okun o, Ìyá Lucy. Ṣé kò sí o?"

Nígbà tí Tíṣà tú aṣọ náà, ó pariwo. Ó ró o mọ́ra, ó tún bọ́ ọ, ó gbé e síta kí oòrùn lè tàn sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Lucy fi dé, tòun ti àpò ìrọ̀rí tí ó fi bébà pọ́n. Ó rí ìyá rẹ̀, ó dúró.

"Wọlé, Lucy." Tíṣà gba ẹ̀bùn náà, ó tú u, ó wò ó. "O ṣeun, ó dára." Ó gbé e lé orí tábìlì, ó tún yíjú sí aṣọ ìyá. "O ò sọ fún mi rí pé ọwọ́ ìyá rẹ dáńtọ́ báyìí!"

Lucy fọwọ́ kan etí aṣọ náà. "Ìyá," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "òwú mi nìyí."

Ọmọ́ṣọlá gbé ojú kúrò lára aṣọ náà. Ohun tó fẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó sì korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro tí a kò fọ̀.

Lọ́jọ́ Kérésì, ọ̀tọ̀ ni ibi tí Lucy jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jẹ ìrẹsì díẹ̀, ó fọ abọ́, kò sì sọ ju "ẹ ṣé" lọ.

Ní ọjọ́ kẹta ọdún, Tíṣà wá. Ó ró aṣọ náà wá. Ó ní òun fẹ́ kọ́ aṣọ híhun kí iléèwé tó wọlé, kò dúró gbọ́ èsì, ó jókòó sídìí òfì, ní àyè Lucy gan-an. Lucy dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ìgbálẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ọmọ́ṣọlá wo ojú ọmọ rẹ̀, ó dá a mọ̀. Ojú tí òun fúnra rẹ̀ ti ń gbé kiri láti oṣù mẹ́ta nìyẹn.

"Tíṣà, ẹ má bínú," ni ó wí. "Èmi kò ráyè. Lucy ni yóò kọ́ yín."

"Lucy? Ṣé ó mọ̀ ọ́n hun ni? Kò sọ fún mi rí."

"Ẹ ò bi mí," Lucy dáhùn.

Ọmọ́ṣọlá lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ṣẹ̀ ọ́. N ó rẹ òwú mìíràn láró fún ọ."

Lucy gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó wọlé. "Tíṣà, ẹ sún díẹ̀. Ẹ ti jókòó lé òwú."

Ọmọ́ṣọlá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń bẹ iṣu. Kò pẹ́ tí ó fi gbọ́ tí fọ́nrán òwú kan já, tí àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Owú jíjẹ náà tún gún un láyà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́ dìde lọ bá wọn, kó lọ fi bí wọ́n ṣe ń so ó hàn wọ́n. Kò lọ. Èyí tí ó ti bẹ ti tó jẹ, síbẹ̀ ó tún fa iṣu kan sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ́.