Ọjọ́ Tí Ìta Ọlọ́fì Ṣófo

"Ẹni tó bá ń bi ọ́ pé kí lo jẹ lánàá, tí kò sì gbé oúnjẹ dání, ojú ni kí o fi máa ṣọ́ ọ."

Ìyá Àdìjátù, aládùúgbò wa tí ilé rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ìta, ló sọ bẹ́ẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a gbọ́ pé àwọn kan ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba wá wádìí bí àtúnṣe ìlú ṣe rí lára àwa ará Ìta Ọlọ́fì.

Ìta Ọlọ́fì ni ilẹ̀ gbọọrọ tó wà láàárín agbo ilé wa, ní Ìṣẹ́yìn níbí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé ilẹ̀ lásán ni. Ibẹ̀ ni àwọn bàbá wa ń ta òwú sí. Aṣọ òfì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń hun mọ́ inú yàrá. Ahunṣọ á jókòó sídìí òfì lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òwú rẹ̀ á sì nà lọ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀, á lọ títí dé ibi tí òkúta tí wọ́n so mọ́ ìdí rẹ̀ wà. Bó ṣe ń hun ni òkúta yẹn ń rá bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín. Níbi tí ilẹ̀ ò bá ti gùn, òwú kì í le dáadáa, aṣọ á sì rí játijàti.

Bàbá àgbà mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ṣùkúrù, ló dàgbà jù nínú àwọn ahunṣọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé dàgbà. Òun ló kọ́ mi ní kíkà àti kíkọ nínú ilé, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kó tó jókòó sídìí òfì; òun náà ló sì kọ́ mi ní híhun. Mi ò mọ̀rọ̀ sọ níwájú èèyàn. Bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo máa ń wà, ṣùgbọ́n etí mi kì í bá mi dé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.

A ò ṣàdédé máa fura. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣe títì iwájú agbo ilé wa. Wọ́n da ọ̀dà sí i, wọ́n gbẹ́ gọ́tà, wọ́n ri òpó iná tó ń lo oòrùn. Ó dára, a ò lè purọ́. Ejò ò lè fara pamọ́ fún wa lójú ọ̀nà lálẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n gọ́tà yẹn là ilẹ̀ tí àwọn ahunṣọ agbo ilé kejì ń lò sí méjì. Àwọn ọkùnrin tó mọ aṣọ hun níbẹ̀ ti ń gun ọ̀kadà báyìí. Kí wọ́n tó sì bẹ̀rẹ̀ títì náà, àwọn kan ti kọ́kọ́ wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń béèrè irú iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe. Àwọn èèyàn fọ́nnu. Kò pẹ́ tí àwọn agbowó-orí fi dé, ẹnu ọ̀nà àwọn tó fọ́nnu yẹn gan-an ni wọ́n sì kọ́kọ́ kàn.

Báyìí, wọ́n tún ń bọ̀. Wọ́n ní lẹ́yìn ìwádìí yìí ni wọn yóò mọ ibi tí apá kejì iṣẹ́ náà yóò gbà.

Àwọn ahunṣọ péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá. Alàájì Ràsáàkì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bí wọ́n bá rí òfì, owó-orí ni. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, kí ni wọ́n fẹ́ gbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni gbogbo wọn ń wí.

Bàbá ní, "Kò lọ kò bọ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ká gbogbo òwú nílẹ̀. Ẹ gbé òfì wọlé, ẹ gbé òkúta sẹ́yìn ilé. Ẹni tí wọ́n bá bi ní nǹkan, kó ní dáadáa ni, a dúpẹ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ ju ìyẹn lọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni." Ó wá yíjú sí mi. "Misturat, ṣé o gbọ́?"

Ìyá Àdìjátù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ tún ń kìlọ̀ fún èyí? Ọmọ tí kò lè ná ata lọ́wọ́ aláta! Àwa tí ẹnu wa ń jò ni kí ẹ wá àgádágodo fún."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe wí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí Ìta Ọlọ́fì bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ewúrẹ́ wa, tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lé òwú kọjá, ṣì ń gbé ẹsẹ̀ sókè lórí ilẹ̀ òfo. Mo ń wò wọ́n, inú mi ò dùn, mi ò sì mọ ohun tí ń ṣe mí.

Kò pẹ́ tí jíìpù funfun kan fi wọlé, ó sì lọ dúró ní ìparí ìta lọ́hùn-ún. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀, ó wọ bùbá àdìrẹ, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní Olúwafọlákẹ́mi lorúkọ òun.

"Ó mọ èèyàn kí jù," Ìyá Àdìjátù sọ sí mi létí. "Ṣọ́ ọ."

Awakọ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Success, gbé ọ̀pá kan jáde tí kẹ̀kẹ́ kékeré wà nídìí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ tì í bọ̀ lórí ilẹ̀ wa, ó ń fi wọn bó ṣe gùn tó. Alàájì Ràsáàkì na ìka sí i. "Wọ́n ti ń wọn ọ́n kí wọ́n tó béèrè!"

Wọ́n fún obìnrin náà ní àpótí, ó jókòó, ó mú fóònù rẹ̀ dání.

"Bàbá, látìgbà tí wọ́n ti ṣe títì yìí, kí ló yí padà fún yín?"

"Dáadáa ni. A dúpẹ́."

"Ṣé ó pa ẹnikẹ́ni lára?"

"Ta ni títì ń pa lára? Àfi ẹni tó bá sùn sórí ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fi ìka tẹ nǹkan sórí fóònù. "Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń darúgbó ni," Ìyá Àdìjátù dáhùn. "Iṣẹ́ ọ̀hún ò sì gba ìsinmi."

"Alàájì ńkọ́?"

"Èmi? Mo ti fẹ̀yìn tì. Mò ń sinmi ni tèmi."

Bó ṣe ń sọ ọ́ yìí, fọ́nrán òwú pupa kan há sí irùngbọ̀n rẹ̀. Obìnrin náà wò ó. Ó yíjú sí ìta gbalasa níwájú wa.

"Ilẹ̀ yìí wá ńkọ́? Kí lẹ̀ ń fi ṣe?"

Bàbá na ọwọ́ sí i.

"Atẹ́gùn ló ń gba ibẹ̀," ó wí.

Obìnrin náà tún tẹ nǹkan. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá òun, ó sì lọ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Bàbá ní kí n gbé omi lọ fún un. Mo gbé e. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ti rí ibi tí gáréèjì tuntun lè wà. Kò sí ilé lórí ẹ̀, kò sí ìsọ̀, kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ kankan. Ilẹ̀ òfo ni, àwọn onílé gan-an ló fẹnu ara wọn sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa pa lára... Lónìí ni màá fi ránṣẹ́, sà."

Ó yíjú padà, ó bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú ife omi. Ojú rẹ̀ yí díẹ̀. "O ṣé, ọmọ dáadáa. Àbí o fẹ́ sọ nǹkan kan?"

"Rárá, mà," ni mo rí sọ.

Mo sáré wọlé. Bàbá ti kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀, ó wà nínú yàrá pẹ̀lú Alàájì Ràsáàkì, ó jókòó ti òwú tí a ká sílẹ̀, ó fọwọ́ lé e bí ẹní fọwọ́ lé ọmọ lórí. Òwú aṣọ ìyàwó tí ará ìlú Òtu kan gbé wá fún un láti hun ni.

"Bàbá, gáréèjì ni wọ́n fẹ́ fi ṣe."

"Kí ni?"

"Ìta wa. Wọ́n ní òfo ni. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá gbé ojú sókè. Ṣùgbọ́n Alàájì Ràsáàkì ti fò dìde. "Ẹ̀tàn ni! Ó mọ̀ pé ọmọ yìí ń gbọ́ òun. Ó fẹ́ kí àyà wa já, ká gbé òfì jáde, kó wá kà á níkọ̀ọ̀kan. Bàbá Ṣùkúrù, ẹ má dá a lóhùn!"

Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lórí òwú. "Wọ́n á lọ," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ ná."

Ó dìde lọ wo ìta lójú wíńdò. Mo dúró níbẹ̀. Wọ́n ní ká má sọ̀rọ̀, mi ò sì jẹ́ sọ ọ́. Mo ronú rẹ̀ títí, mi ò rántí pé wọ́n ní ká má fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan. Mo gbé òwú ará Òtu sí èjìká, mo gba ẹ̀yìn ilé jáde, mo wọ́ òkúta kan tẹ̀lé mi.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mọ́tò lè gbà jáde ní Ìta Ọlọ́fì. Mo so orí òwú mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Àdìjátù, mo nà án ní ìbú kọjá ẹnu ọ̀nà náà, mo so ìdí rẹ̀ mọ́ òkúta lódìkejì. Pupa àti dúdú, ó nà tantan. Ìyá Àdìjátù yọjú, ó wo òwú, ó wò mí, ó fi ìbòrí bo ẹnu, ó padà sínú ilé.

Mọ́tò ń bọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó tẹ hóònù.

"Sísí, ẹ bá wa ká okùn yín yìí," Success ké láti ojú fèrèsé.

Mi ò mira.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Màá gùn ún kọjá o!"

Obìnrin náà ń wò mí láti inú mọ́tò. Mo di òpó mú. Táyà yí díẹ̀, ó tún yí díẹ̀. Ó ku bí ìbú ọwọ́ kan kó kan òwú.

"Má gùn ún! Má dán an wò! Òwú mi ni o!"

Bàbá ló ń sáré bọ̀, kò dé fìlà, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Ó wá dúró láàárín òwú àti mọ́tò, ó na apá méjèèjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Alàájì Ràsáàkì ń bọ̀, ó ń káwọ́ lérí: "Ó parí! Bàbá Ṣùkúrù, ẹ ti tú wa síta!"

Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan òwú náà.

"Bàbá, níbo lẹ ti ń hun èyí?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Ibi tí mọ́tò rẹ dúró sí yẹn."

Àwọn èèyàn ti ń jáde láti ojúlé sí ojúlé. Obìnrin náà wò wọ́n yíká, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí irùngbọ̀n Alàájì Ràsáàkì. "Alàájì, ìsinmi yín yìí mà pupa o."

Ìyá Àdìjátù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo ilé. Alàájì fọwọ́ wá irùngbọ̀n, ó rí òwú náà yọ, kò mọ ibi tí yóò jù ú sí.

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ náà ò sọ fún wa pé ibi tó o máa fi ṣe gáréèjì lò ń wá," Bàbá dáhùn.

Obìnrin náà fi òwú náà sílẹ̀. "Òótọ́ ni. Mi ò sọ ọ́." Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá, ohun tí ẹ bá gbé pa mọ́ fún mi, mi ò lè sọ fún wọn pé ó wà."

"Bí o bá sì rí i, ta ló tún máa rí i lẹ́yìn rẹ?"

"Mi ò mọ gbogbo wọn. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Ìdáhùn yẹn ò tu ẹnikẹ́ni nínú. Mo rò pé tó bá ṣe ìlérí asán ni, Bàbá ì bá ní kó máa lọ; ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Bàbá wo òkúta tí mo wọ́ wá, ó wo ìta tó ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ràsáàkì," ó wí, "gbé òfì rẹ jáde."

"Bàbá Ṣùkúrù..."

"Gbé e jáde! Gbogbo yín!"

Wọ́n ń kùn, wọ́n ń gbé e. Kò pẹ́ tí òwú fi kún ilẹ̀, pupa, dúdú, funfun, àwọ̀ èso àgbálùmọ̀, wọ́n nà lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Obìnrin náà ní kí Success padà wá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò rí ibi tì í sí. Ó ń gbé ẹsẹ̀ lé òwú kọjá bí ewúrẹ́ wa. Mọ́tò wọn náà ò ráyè jáde. Wọ́n jókòó tì wá títí di ìrọ̀lẹ́ tí a fi ká òwú, obìnrin náà ń béèrè, wọ́n ń dá a lóhùn ṣókí-ṣókí. Alàájì Ràsáàkì dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà, ó ń na ọrùn wo ohun tó ń tẹ̀ sórí fóònù.

Nígbà tí wọ́n lọ, Bàbá pè mí.

"Mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀."

"Mi ò sọ̀rọ̀, Bàbá."

Ó wò mí bó ṣe ń wo àlejò, bí ẹni pé òun náà ń wá ohun tí mo gbé pa mọ́. Lẹ́yìn náà ó ní nígbà mìíràn kí n sún òkúta sọ́wọ́ ọ̀tún díẹ̀, wíwọ́ ni mo so ó.

A ò tíì gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí a bá tilẹ̀ ti ṣíwọ́, Bàbá kì í jẹ́ kí ilẹ̀ náà ṣófo mọ́. Ó ní òwú ògbólógbòó kan tí kò wúlò fún aṣọ kankan. Òun ni à ń nà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìta dé òpin, kí ẹnikẹ́ni tó bá dé, nígbàkígbà tó bá dé, lè bá a níbẹ̀.