Ìyá Dà?

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n jókòó ìdájọ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ náà, wọ́n gbá irun ilẹ̀ kúrò, wọ́n sì yí bẹ́ǹṣì sí ọ̀kánkán tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, kò sẹ́ni tó jalè. Ánímè ni wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́, ìyẹn eré àwòrán àwọn ará Japan, tí ojú àwọn tó wà nínú rẹ̀ máa ń là bí ojú ẹni tí ajá ń lé. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń gbé tuntun jáde, apá kan lọ́sẹ̀ kan, gbogbo wọn á sì jọ parí lẹ́ẹ̀kan náà. Sáà kan nìyẹn. Bí sáà bá ti parí, ọmọbìnrin onígbàjámọ̀ á pe ilé ẹjọ́, á sọ èyí tó gbégbá orókè àti èyí tí kò yẹ kí wọ́n tún gbé jáde mọ́ láyé.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ṣùgbọ́n bó bá gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, tó di rìmóòtù mú, ẹ ó fẹ́ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí i. Adájọ́ ni àwọn oníbàárà ń pè é, bàbá rẹ̀ sì ti di Bàbá Adájọ́ láìrò tẹ́lẹ̀.

Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jókòó. Adájọ́ àti bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Tíṣà tó ń gbé òdìkejì títì wà níbẹ̀, orí rẹ̀ ń dán, kò sí ẹyọ irun kan lórí rẹ̀. A máa tó dé ìdí ìyẹn. Ìyá Adájọ́ náà wà níbẹ̀, lórí àga onítìmùtìmù rẹ̀, àpò ìrìnàjò rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àpò yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ àná dà nínú Bàbá Adájọ́. Láti ìgbà tí obìnrin náà ti dé ní àná ni kò ti tú u. Ó ní láàárọ̀ ọ̀la ni òun ń padà lọ.

Àga yẹn gan-an ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Aránṣọ ni Ìyá Adájọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rán aṣọ tìmùtìmù náà, orí rẹ̀ ló sì máa ń na ẹ̀yìn sí bó bá ti ìdí máṣíìnì dé lálẹ́. Lọ́jọ́ kan, bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù kán mọ́ oníbàárà sísanra kan nídìí. Bàbá Adájọ́ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé lọ, ó gbé àga ìyàwó rẹ̀ síta fún oníbàárà. Nígbà tí obìnrin náà dé, ọkùnrin tí kò mọ̀ rí ló bá lórí àga rẹ̀, tí irun orí rẹ̀ ń já bọ́ sórí tìmùtìmù.

"Bàbá ọmọ mi," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ ò lè bi mí kí ẹ tó gbé e?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá tán an: jọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kún, ẹnu sì ń yún ọ̀gá onígbàjámọ̀. "Ìyá ọmọ mi," ló ní, "àga mélòó ni ìdí kan ṣoṣo fẹ́ jókòó lé?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti Bàbá Adájọ́ balẹ̀ lójú àwọn ènìyàn, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ sí i. Ní ọjọ́ kejì ìyàwó rẹ̀ di ẹrù, ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó bímọ ní ìlú kejì ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́. Adájọ́ ò lè bá a lọ nítorí ilé ìwé. Ọmọ tuntun náà kọ́ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó kọ́ bí a ṣe ń yíra padà, ó jókòó, Ìyá Adájọ́ ò dé. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù kan hàn án ní àdúgbò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé ibẹ̀ dára fún iṣẹ́ aránṣọ.

"Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ náà ló ń gbé e bọ̀," ni Bàbá Adájọ́ máa ń wí fún ẹni tó bá béèrè. Ẹnu ló wà. Bó bá wọlé tó fẹ́ bu oúnjẹ, àwo mẹ́ta ló máa ń gbé kalẹ̀, á tún dá ọ̀kan padà kí ọmọ má baà rí i.

Nítorí pé ilé dá, ṣọ́ọ̀bù ni Adájọ́ ń ti ilé ìwé bọ̀, ó sì gba rìmóòtù lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tó ń wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n kọ́kọ́ kùn. Kò pẹ́ tí àwọn tí kò ní irun láti gẹ̀ fi ń wá jókòó, tí wọ́n ń béèrè bóyá jagunjagun ti fa idà yọ. Eré kìíní ni ti jagunjagun náà, ó ti búra pé òun ò ní fa idà mọ́ láyé, ó sì mú ìbúra rẹ̀ ṣẹ jálẹ̀ sáà, ọ̀rọ̀ ni ó fi ń bá gbogbo ọ̀tá jà títí tí wọ́n á fi sùn lọ. Èkejì ni ti àwọn ọmọbìnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sókè lọ́sẹ̀ kan, kò tíì balẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta, gbogbo wọn ṣì ń rántí ìgbà èwe wọn. Ẹ̀kẹta ni ti ọmọdébìnrin kan tí bàbá rẹ̀ àgbà ń tún agbòòrùn ṣe, ní ìlú tí òjò kì í dá.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Onígbàjámọ̀ kì í wo tẹlifíṣọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, nítorí etí ọmọ ọlọ́mọ ló wà lábẹ́ kílípà rẹ̀. Gbígbọ́ ló ń gbọ́. Èdè Japan ni wọ́n sì ń sọ nínú eré náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sísàlẹ̀. Àwọn tó jókòó ń ka ìsàlẹ̀, Bàbá Adájọ́ ń fi etí Yorùbá gbọ́ tirẹ̀ lọ.

Ẹ ò sì lè sọ pé kò gbọ́ nǹkan. Jagunjagun náà, bó bá dé iwájú ọ̀tá, á lu àyà, á ké pé, "Ore wa!"

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pe ọ̀tá rẹ̀," ni Bàbá Adájọ́ wí. "Ọ̀rẹ́ wa! Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyẹn."

Bí ẹnì kan bá tún ké pé "Iku yo!" báyìí, gbogbo wọn á sáré jáde.

"Kò burú," lọ̀gá wí, ó ń gé ìpẹ̀kun irun. "Bí ikú bá yọ, ta ni kò ní sá?"

Àwọn oníbàárà rò pé àwàdà ló ń ṣe, wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rò pé eré ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Báyìí ni kò ṣe sí ẹni tó tọ́ ọ sọ́nà.

Ti ọmọ alágbòòrùn ló wá di ìṣòro. Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí ọmọ yẹn má ké. Wọ́n ní kó wá wẹ̀, ó ké pé, "Iya da!" Wọ́n gbé ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀, "Iya da!" Wọ́n ní kó lọ sùn, "Iya da! Iya da!"

Kílípà dúró lọ́wọ́ Bàbá Adájọ́. Ìyá dà? Ọmọ yìí ń béèrè ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn. Bàbá àgbà kàn ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń bá a wí, Bàbá Adájọ́ sì ti pinnu pé aládùúgbò òfófó ni.

"Èèyàn burúkú ni bàbá arúgbó yẹn," ló wí lọ́jọ́ kan, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì yíjú wò ó. "Kí ló ń jẹ lẹ́nu tí kò lè sọ ibi tí ìyá ọmọ wà?"

Ó gbójú sókè, ó rí Adájọ́ nínú dígí. Ọmọ náà ń wo eré, ó gba àgbọ̀n mú. Ó wá yé Bàbá Adájọ́ ìdí tí ọmọ rẹ̀ kì í fi í pa eré yìí jẹ. Ohun tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni ọmọ orí tẹlifíṣọ̀n ń bá a béèrè.

Ọjọ́ tí apá ìkẹyìn jáde, Tíṣà ló wà lórí ìjókòó. Òjò dá ní ìlú alágbòòrùn, wọ́n ń kó ẹrù, wọ́n fẹ́ ṣí lọ. Ọmọ náà di òpó ilé mú, ó ń ké. Iya da! Iya da! Iya da! Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ti Bàbá Adájọ́ kọjá bẹ́ẹ̀, omi bo ojú rẹ̀, kílípà sì la ọ̀nà kan láti iwájú orí Tíṣà dé ìpàkọ́.

"Ọ̀gá," ni Tíṣà wí, "kí ló dé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ mi ní àárín orí?"

Ọ̀gá ti jáde. Ó dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Adájọ́, jọ̀wọ́ máa bọ̀. Ọmọ ń béèrè ẹ."

"Ọmọ wo? Ṣebí èmi àti ẹ̀ la jọ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Kò lè sọ ọ́. Inú ló ń rò ó sí. Bí o bá gbọ́ igbe tí wọ́n ń ké níbí, o ò ní jókòó."

"Àwọn wo ló ń ké?"

"Ṣáà máa bọ̀."

Nígbà tó padà wọlé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí orí Tíṣà ju kí wọ́n fá gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn ní ilé ọba tó jó ni, ẹwà ló bù sí i. Tíṣà ò rí ẹwà kankan.

Báyìí ni Ìyá Adájọ́ ṣe dé pẹ̀lú àpò kan. Adájọ́ dì mọ́ ọn tí kò fẹ́ tú u sílẹ̀. Bàbá Adájọ́ ti gbọn àga náà, ó ti fọ aṣọ tìmùtìmù, ó gbé e padà sí yàrá. Obìnrin náà wò ó, ó ní ẹ ṣeun, kò sì tú àpò. Ó ní òun ti ṣèlérí fún onílé ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ọ̀rọ̀ di ọjọ́ Àìkú, wọ́n gbé àga síta fún un kó lè bá wọn jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n bi í kí wọ́n tó gbé e.

"Ilé ẹjọ́ ti jókòó," ni Adájọ́ wí. "Tíṣà, èwo lẹ mú?"

"Bọ́ọ̀lù orí tábìlì. Ó kọ́ mi ní sùúrù."

"Bàbá mi?"

"Ọmọ alágbòòrùn," ni bàbá rẹ̀ wí. "Òun ló gbé ìyá rẹ wálé. Ìyá Adájọ́, bí kò bá sí ọmọ yẹn, ǹ bá má pè ọ́."

"Ẹ jẹ́ n rí i," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Adájọ́ wúkọ́. "Màámi, ó gùn o. Ẹ jẹ́ ká wo ti jagunjagun."

"Mo ní ẹ jẹ́ n rí i."

Wọ́n gbé e sí i. Ọmọ ké, Ìyá Adájọ́ sì ń ka ìsàlẹ̀ sókè bí ẹni tó ń ka ìwé fún ọmọ ilé ìwé. "'Mi ò fẹ́ wẹ̀.' 'Mi ò fẹ́ ẹ̀fọ́.' 'Mi ò fẹ́ sùn.'" Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Níbo ló ti béèrè ìyá rẹ̀?"

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Ìyá dà!"

"Ìyá rẹ̀ rèé tó ń da omi sí i lórí!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bàbá Adájọ́ máa gbé ojú lé eré náà. Aládùúgbò òfófó náà ni, ó di ọṣẹ àti kànìnkànìn mú, ó sì jọ ọmọ náà bí ìbejì.

"Bàbá mi," ni Adájọ́ wí, ojú rẹ̀ nílẹ̀, "ní èdè tiwọn, 'mi ò fẹ́' ni 'iya da'."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"O sì jẹ́ kí n máa sunkún lórí ẹ̀fọ́?"

"Mo fẹ́ sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ti ń wo fóònù, ẹ ti fẹ́ pe Màámi. Mo bá gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè sí i."

Tíṣà fi ọwọ́ pa orí rẹ̀. "Ẹ dúró ná," ló wí. "Ṣé nítorí ẹ̀fọ́ ni orí mi ṣe rí báyìí?"

Ìyá Adájọ́ ń wo àpò rẹ̀. "Ìyẹn ni pé ọmọ ò béèrè mi," ló wí. "Àṣìgbọ́ ló gbé mi wálé. Bí ẹ bá gbọ́ ọ dáadáa, ẹ ò ní pè mí."

Bàbá Adájọ́ gbé ọwọ́ lé orí, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ọmọ orí tẹlifíṣọ̀n ò béèrè ẹ," ló wí nígbẹ̀yìn. "Èmi ni mò ń béèrè ẹ. Ojoojúmọ́ ni. Àwo mẹ́ta ni mo ń gbé kalẹ̀. Ojú ń tì mí láti fi ẹnu ara mi sọ ọ́, ni mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín lójú mi, èmi ni mo sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Jọ̀wọ́, má bínú."

Tíṣà gan-an gbàgbé orí rẹ̀. Ìyá Adájọ́ ń fi ìka tọ ojú rírán tìmùtìmù rẹ̀, kò gbójú sókè.

Bàbá Adájọ́ dìde. Kò fẹ́ kó dà bíi pé òun fi ipá mú un. Ó lọ sídìí ilẹ̀kùn, ó di àpò mú. "Ó dáa," ló wí jẹ́jẹ́. "Ṣé kí n bá ọ gbé e dé ibùdókọ̀ láàárọ̀ ọ̀la?"

"Iya da!" ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Etí Bàbá Adájọ́ tún gbọ́ "Ìyá dà?" tó ti mọ́ ọn lára, inú rẹ̀ sì bà jẹ́ lọ́gán.

"Bàbá mi," ni Adájọ́ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ ka ìsàlẹ̀."

Kò sí ìsàlẹ̀ láti kà. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, ọkùnrin tó ti ń fi etí nìkan gbọ́ ayé láti ọjọ́ yìí wá yíjú, ó wo ojú aya rẹ̀ dáadáa. Obìnrin náà ti fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, ẹ̀rín sì kún gbogbo ojú rẹ̀.

"Ìyá rèé," ni Bàbá Adájọ́ wí, ó sì gbé àpò náà wọ yàrá lọ.