Lùjẹ́rò Kì Í Rí Lùjẹ́rò

Michel pọ̀ ní Àjàṣẹ́ bí ewé. Tí o bá dúró ní oríta Tokpota, tí o pe Dominique, ọkùnrin mẹ́rin á dá ọ lóhùn, ajá kan á sì gbórí sókè. Ṣùgbọ́n Lùjẹ́rò? Ẹ wá a dé Èkó, ẹ wá a dé Ouidah, ẹ ò ní rí ju ẹyọ kan lọ, inú ilé Agùdà kan ṣoṣo ló sì wà.

Baba ńlá ilé náà ló gbé e bọ̀ láti Bàhíà lókè òkun, nígbà tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ń wọkọ̀ padà wálé. Kò gbé góòlù bọ̀, kò gbé fàdákà bọ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un lọ́hùn-ún ló gbé wálé, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó fi òfin dè é: Lùjẹ́rò kì í rí Lùjẹ́rò. Bí ẹni tó ń jẹ́ ẹ bá ṣì ń mí, ẹ ò gbọdọ̀ fi sọ ọmọ mìíràn. Ẹ ò sì gbọdọ̀ pè é ní gbangba ìta. Ọjọ́ tó bá kú ni ìyá àgbà ilé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kọjú sí títì, á pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kó lè bọ́ lára òkú, kó wá ara ọmọ tuntun. Wọ́n ní ẹnì kan dán an wò láyé àwọn Faransé, ó fi sọ ọmọ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jẹ́ ẹ ṣì ń rìn kiri. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n àti ọmọ. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, èmi ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó tún dán an wò.

Ẹni tó ń jẹ́ ẹ lásìkò tí à ń wí yìí ni ọmọ Germain. Germain ti lé ní àádọ́ta ọdún, akọ̀wé ni ní bírò tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìbí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló sì bí fún un. Olùkọ́ ni ọmọ náà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Àwọn aládùúgbò ò mọ orúkọ rẹ̀ gidi. Yòyó Kékeré ni wọ́n ń pè é, torí Yòyó ni àwọn Agùdà ń pe bàbá àgbà. Ìyá Germain, Yáyá Eulalie, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, nìkan ló ń pè é ní Lùjẹ́rò, ó sì máa ń ti ilẹ̀kùn kó tó pè é.

Ọdún kẹta rèé tí àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba. Rédíò ń pariwo “Ehuzu!” láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, pé ó ti yí padà, pé gbogbo nǹkan ti yí padà. Òótọ́ ni o. Àwọn tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀ ìjọba ti wá ń wẹ̀yìn kí wọ́n tó sọ pé oòrùn mú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá ṣọ́jà kan wọ bírò, ó na ìwé pélébé kan sí Germain. Wọ́n ti mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan pẹ̀lú ìwé tó ń bú ìjọba. Wọ́n lù ú títí tó fi sọ ẹni tó fún un. Orúkọ nìkan ló mọ̀, kò mọ ilé, kò mọ bàbá. Germain wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú ìwé ńlá bírò yẹn, ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, ló wà níbẹ̀.

“Orúkọ wo lèyí, Mùsé Germain?” ni ọ̀gá náà bi í, ó ń rẹ́rìn-ín. “Èmi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó dáa bẹ́ẹ̀. Ká ní Michel ni, ibo la fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀? Èyí, ẹnì kan ni. Ẹ tú ìwé yín wò, kí ẹ wá a jáde fún wa. Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá.”

“Mo ti gbọ́, kàmàrádì.” Germain pè é ní kàmàrádì, bí ìjọba tuntun ṣe ní kí gbogbo èèyàn máa pe ara wọn.

Nígbà tó délé, ó ti ilẹ̀kùn, ó bi ọmọ rẹ̀ pé kí ló dé tó fi jẹ́ orúkọ yẹn ló lò nídìí ìwé tó ń pín.

“Bàbá, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ni,” ni ọmọ náà wí. “Orúkọ ìkọ̀kọ̀ wo ló tún dáa tó o?”

Germain fẹ́ gbá a létí, ṣùgbọ́n àsìkò ò sí. Lójú ẹsẹ̀ ló ní kó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Adjarra, sọ́dọ̀ Idayatou, obìnrin aláṣọ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ nígbà ayé ìyá náà. Ilẹ̀ Nàìjíríà ò jìnnà síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le, kó sọdá.

Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, ì bá dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù bà máa ń gbọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Àṣà kan wà ní bírò yẹn láti ayé àwọn Faransé. Ẹni tí wọn ò ṣèwé ìbí fún ní kékeré, tó bá fẹ́ gbà á lágbà, á mú ẹlẹ́rìí méjì wá, akọ̀wé á fojú díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí onítọ̀hún ò bá ní orúkọ Faransé, akọ̀wé á wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, á mú orúkọ ẹni mímọ́ tó ni ọjọ́ náà, á fi kún un. Onígbàgbọ́ ni o, mùsùlùmí ni o, kò kan kàlẹ́ńdà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ ohun tí wọ́n gbé lọ sílé, wọn kì í sì í béèrè.

Germain gbójú kúrò lára kàlẹ́ńdà. Fún ọjọ́ mẹ́wàá, ọkùnrin yòówù tó bá ti jọ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, Lùjẹ́rò ló ń kọ fún un. Ó fún alápatà, ó fún apẹja, ó fún Waliou, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Houinmè tí ìyá rẹ̀, Safouratou, mú wá. Wọ́n pé mọ́kànlá. Ìwé ńlá àtijọ́ tí orúkọ ọmọ tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó da omi sí i, ó ní òjò ló bà á jẹ́. Lọ́kàn rẹ̀, orúkọ tó bá ti di ti èèyàn púpọ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ṣọ́jà á wá a títí, á sú wọn.

Nígbà tó sọ fún Yáyá Eulalie, ìyá àgbà náà ò pariwo. Ó bọ́ gèlè orí rẹ̀, ó gbé e lé itan.

“Mọ́kànlá?”

“Yáyá, ìwé lásán ni.”

“Ta ló pè é lẹ́nu ọ̀nà? Germain, ta ló pè é kúrò lára ọmọ mi kí o tó máa pín in kiri bí ẹran Iléyá?”

“Ẹ̀ẹ́, Yáyá! Ayé ti yí padà.”

“Ayé ló yí padà,” ni ìyá náà wí. “Ikú ò yí padà.”

Germain rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lè parí oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá pé, ọ̀gá ṣọ́jà padà wá. Germain na ìwé tí orúkọ mọ́kànlá wà nínú rẹ̀ sí i, ó ń retí ìbínú, ó ń retí èébú. Ọkùnrin náà kà á, ó tún un kà, ó wá fi ìka tẹ ọ̀kan.

“Ti Houinmè yìí. Òun ló sún mọ́ wa jù.”

“Ṣùgbọ́n mọ́kànlá ni wọ́n, kàmàrádì.”

“Mùsé Germain, ẹnì kan ni wọ́n ní ká mú wá.”

Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Àwọn yìí, ìka tó bá sún mọ́ ọ̀bẹ ni wọ́n ń gé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni wọ́n mú Waliou nídìí pákó tó ń fá. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: inú Germain dùn. Ojú tì í, ó bẹ Ọlọ́run, síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn, torí wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n ń wá, kì í sì í ṣe ọmọ tirẹ̀. Ó sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹta, Safouratou dé ojú fèrèsé bírò, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

“Ẹ kú iṣẹ́, Mùsé. Mo lọ sí bárékè, mo ní mo wá rí Waliou. Wọ́n ní kò sí Waliou níbẹ̀. Mo fi ìwé yìí hàn wọ́n, ọ̀kan nínú wọn kà á, ó ní orúkọ tó wà nínú ẹ̀ ni kí n wá pè. Èmi ò mọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ síbẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí Germain bá tẹ̀ lé e lọ jẹ́wọ́ pé òun lòun dédé kọ ọ́, wọ́n á bi í pé ta wá ló ni orúkọ. Ọmọ tirẹ̀ ló máa lọ. Bó bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ló máa lọ. Ó wo ojú obìnrin náà, ó wo ilẹ̀.

“Lùjẹ́rò,” ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Lù kí ni?”

“Lù-jẹ́-rò.”

Safouratou kọ́ ọ bí ọmọ kéú, ó ń ṣì í, ó ń tún un pè, títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ọlọ́run á bá yín wo ọmọ tiyín, Mùsé. Láti ìjẹta, ẹ̀yin nìkan lẹ dá mi lóhùn.” Ó jáde, ó ń pe orúkọ náà sábẹ́ ètè kó má baà gbàgbé.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì kúrò lójú títì tí Idayatou fi wọlé, eruku Adjarra kún ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Mùsé Germain, ọmọ yín ò sí lọ́dọ̀ mi mọ́ o. Ó gbọ́ lọ́jà lánàá pé wọ́n mú gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń jẹ́ orúkọ òun. Ó ní kò ṣeé ṣe, pé òun nìkan ló ń jẹ́ ẹ láyé yìí. Kò jẹun. Láàárọ̀ yìí ló gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú nítorí òun, pé wọ́n á tú onítọ̀hún sílẹ̀ bí òun bá ti dé.”

Germain ò dúró mú fìlà. Ó sáré la ọjà kọjá, àwọn èèyàn ń kí i, kò dáhùn. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà bárékè, kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, wọ́n gbé e ti ògiri. Ọ̀gá ṣọ́jà dúró lábẹ́ ibòji, ó ń jẹ ọsàn.

“Ẹ̀ẹ́, Mùsé! Ẹyọ kan la wá, méjì la rí.”

“Ẹ ó wá tú gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn sílẹ̀, àbí?”

“Nítorí kí ni? Ṣé òun náà kọ́ ló ń jẹ́ ẹ ni? Ìwé yín ló sọ bẹ́ẹ̀.” Ó tu kóró ọsàn sílẹ̀. “Yàrá kan náà la kó wọn sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ara wọn.”

Safouratou ti dúró níwájú géètì nínú oòrùn, ó to ẹsẹ̀ pọ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu lápá méjèèjì kí ohùn rẹ̀ lè wọlé. Germain rí i, ó ké sí i.

“Ìyá Waliou, má pè é! Mo bẹ̀ ọ́, má pè é níbí! Òkú la ń pè é fún lẹ́nu ọ̀nà!”

Ta ló máa gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta? Ó pe Lùjẹ́rò lẹ́ẹ̀kan, kò ṣì í. Ó tún pè é. Germain na ọwọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Wọ́n dáhùn láti inú. Ohùn méjì ni, wọ́n sì dáhùn pọ̀.

Safouratou yíjú padà, omijé ayọ̀ ń dà lójú rẹ̀. “Mo gbọ́ ọmọ mi,” ó ní. “Mùsé, èkejì yẹn ńkọ́? Ọmọ ta ni?”