Wọn Á Hú Ìyá Mi Lọ́la

…àbí kí n sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté tó kàn? Kí n pe Àǹtí Anézo, kí n ní inú ń run mí, kí n ní wọ́n ti pè mí padà sẹ́nu iṣẹ́… Irọ́ wo ni mi ò tíì pa fún wọn rí? Ṣùgbọ́n bí mo lọ bí mi ò lọ, láago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la, Stratis tó ń gbẹ́ ibojì á ki ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀ tó bo ìyá mi. Ọdún mẹ́ta ti pé. Itẹ́ òkú erékùṣù wa ò ju àgbàlá ilé kan lọ. Ẹni tó bá ti sun ọdún mẹ́ta níbẹ̀, wọn á hú u, àwọn obìnrin ilé rẹ̀ á fọ eegun rẹ̀ nínú wáìnì, wọn á tò ó sínú àpótí kékeré, kí ẹlòmíràn lè ráyè sùn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fọ ti bàbá àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, èmi ni wọ́n ní kí n di aṣọ ìnura mú.

Eegun ò bà mí lẹ́rù. Eegun dáa. Tó bá mọ́, tó pọ́n bí oyin, àwọn ìyá á mí kanlẹ̀, wọn á ní, "Ó ti sinmi." Ṣùgbọ́n — tí ilẹ̀ ò bá jẹ ẹ́ ńkọ́? Tí wọ́n bá ṣí i, tó wà níbẹ̀ lódindi? Ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá Lefteris, ará àdúgbò wa. Gbogbo obìnrin tó yí ibojì yẹn ká ló bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Ta ló fi í bú? Torí lọ́dọ̀ tiwa, òkú tí ilẹ̀ bá kọ̀, èpè ẹnìkan ń bẹ lórí rẹ̀.

Ti ìyá mi, èmi ni. Èmi Maruso, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ó dáa, ó dáa… nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Amọ̀ ni, omi ni, oògùn tó lò ni. Mo lè fi kọ́ odidi kíláàsì. Ta wá ni mò ń sọ ọ́ fún?

Àǹtí Anézo, àbúrò ìyá mi, pè mí láàárọ̀ kí ọkọ̀ ojú omi tó kúrò ní èbúté Pirea. "Maruso, ṣé o ti ra wáìnì? Pupa o!" Mo ní mo ti rà á. "Ṣé ó dáa? O mọ̀ pé ìyá rẹ kì í fẹnu kan pọ́ọ́kú." Mo ní, "Àǹtí, wọn ò kúkú ní mu ún." "Ta ló sọ fún ọ?" A jọ rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ nǹkan kan. Àbí… wọ́n mọ̀?

Ọkọ̀ yìí tutù jù. Àga rẹ̀ ń gbé èèyàn mì, fèrèsé rẹ̀ ò ṣeé ṣí, kò tilẹ̀ rùn. Ọkọ̀ ìgbà tiwa! Epo, kọfí, ewúrẹ́ ẹnìkan, èébì ẹlòmíràn. A ò ní tíì wọlé tán tí ìyá mi á ti na aṣọ ìbora sórí bẹ́ǹṣì mẹ́ta, á sùn gbalaja lé e. Wọ́n á bi í: "Màmá, èèyàn mélòó ló ni gbogbo àyè yìí?" "Mẹ́fà ni wá. Àwọn mẹ́rin yòókù ń bọ̀." Mẹ́rin wo? Èmi àti ẹ̀ náà ni, à ń lọ yọ eyín mi ní Pirea. Á bó ẹyin sísè fún mi. Á la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, á di ààbọ̀ mú síwájú imú mi kí èébì má bàa gbé mi. Ọwọ́ rẹ̀ ń ta sánsán, ọsàn, ọṣẹ, àti… kí ni ìkẹta? Mi ò rántí ìkẹta. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Àárò rẹ̀ ń sọ mí débi pé —

Rárá. Yé sá. Ọjọ́ yẹn ni kó o rò.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì dé, ìyá mi fi pamọ́ sábẹ́ ìyẹ̀fun nínú àpótí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ló tú àṣírí: "Ìwọ ò tíì lọ? Àbí wọn ò gbà ọ́ mọ́ ni?" Mo tú ilé títí mo fi rí i. Ìyá mi tẹ̀lé mi dé èbúté, kò bẹ̀ mí, kò sunkún, ó ṣáà ń tẹ̀lé mi. Mo yíjú sí i lẹ́nu ọkọ̀, mo ní — sọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ — mo ní, "Kí ilẹ̀ má jẹ ọ́!"

Ìyá tó bí mi. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó yọ ọsàn wẹ́wẹ́ kan nínú àpò, ó jù ú sínú báàgì mi. "Òkun le lónìí," ló wí, ló bá kọjú sílé.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la tún lò láyé pa pọ̀. Gbogbo oṣù kẹjọ ni mò ń lọ, a jọ ń jẹun, a jọ ń fi ará àdúgbò ṣẹ̀fẹ̀, a ò dárúkọ ọjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dún tó ń bọ̀ ni màá bẹ̀ ẹ́… lọ́dún tó ń bọ̀. Ó kú. Afẹ́fẹ́ ń jà, wọ́n ní ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ kúrò lébùúté. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó lórí ẹrù mi ní Pirea. Ooru ò jẹ́ kí wọ́n lè dúró dè mí kí wọ́n tó sin ín. Nígbà tí mo dé, erùpẹ̀ ni mo bá. "Ojú ẹ̀ dáa," Àǹtí ní. "Bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀."

Láti ìgbà náà, àdúrà kan ni mò ń gbà lójoojúmọ́ níwájú àbẹ́là: kí ilẹ̀ jẹ ẹ́. Kí ó jẹ ẹ́ tán. Kí n má rí nǹkan kan lọ́la àfi eegun.

Erékùṣù wa ti yọ. Àwọn èèyàn ti ń dìde, wọ́n ń fa ẹrù, ẹnìkan ní kí n gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lọ́nà. Ẹ gbà mí láyè kí n gbàdúrà mi. Kí ilẹ̀ ti… kí ilẹ̀…

Kò jáde.

Mò ń rí i. Stratis gbé pákó pósí kúrò. Gbogbo wọn fà sẹ́yìn, èmi nìkan ni mo tẹ̀ síwájú, mo bẹ̀rẹ̀, mò ń wò… kí ni mò ń wá? Ta ló ń yára báyìí sétí ibojì nítorí eegun? Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń pe àárò rẹ̀ ní ẹ̀rù. Kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo fi í bú. Kí gbogbo erékùṣù tutọ́ sí mi lára. Kí n ṣáà rí ojú ìyá mi.