Atọ́ka Ọjọ́ Ọjà

"Àǹtí Túnbọ̀sún, ẹ ò tíì rí àkọsílẹ̀ aláboyún yẹn?" Nọ́ọ̀sì Àpèkẹ́ tún yọrí lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ ti dábùú nínú Sàlímọ́tù. Iṣẹ́ abẹ ni. Dókítà ò sì ní fún un lábẹ́rẹ́ kankan láìmọ èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà tó bí àkọ́bí, òun fúnra rẹ̀ ò sì rántí orúkọ rẹ̀ mọ́."

"Mò ń wá a."

Túnbọ̀sún ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn aládàáni yìí ní Ayétòrò. Láti àárọ̀, bí wọ́n bá ti tẹ orúkọ agboolé kan, ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń tú àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé nílùú kó tó dé ilé ẹni tó ń wá.

Àwọn ará ìgboro máa ń mú nọ́ḿbà káàdì wọn wá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà ni lónìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà tí epo sì wọ́n, ọkọ̀ ọjà nìkan ló ń gbé àwọn obìnrin Afọ̀n wá. Wọn á ta ata tán, wọn á wá yẹ oyún wò. Káàdì kì í sí lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn; agboolé àti orúkọ ọkọ ni wọ́n ń sọ. Nítorí tiwọn ni Túnbọ̀sún ṣe ṣe atọ́ka agboolé, kí kọ̀ǹpútà lè lọ tààrà síbi tí orúkọ wọn wà.

Ó wo ibi tí atọ́ka náà yẹ kó wà. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ètò kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n rà láti máa tún atọ́ka ṣe fúnra rẹ̀ ti pa á rẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Jibril, alákòóso ilé ìwòsàn, wọlé. "Kí ló dé tí àwọn èèyàn ń pariwo níta?"

"Ọ̀gá, ta ló fún ètò yìí láṣẹ kó máa pa nǹkan rẹ́?"

"Èmi ni. Ṣebí aládàáṣe ni? Ó ní atọ́ka yẹn ò wúlò, ó kàn ń gbàyè."

"Ìgbà wo ló fi wò ó?"

"Láti ọjọ́ kejì ọjà tó kọjá títí di àná."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Túnbọ̀sún kọjú sí i. "Kò fojú kan ọjọ́ ọjà rí, ó wá ń dá ẹjọ́ ọjọ́ ọjà! Mo bẹ̀ yín, Ọ̀gá. Mo ní kó máa dábàá fún wa ni, ká kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wa, kì í ṣe èyí tí à ń lò fún aláìsàn. Ẹ ní mò ń fi iṣẹ́ falẹ̀."

"Ó ti tó. Dá a padà kíákíá."

"Bí mo bá fi ìkánjú dá a padà, gbogbo àkọsílẹ̀ ló máa tì títí yóò fi parí. Yàrá ìgbẹ̀bí gan-an ò ní lè kọ nǹkan kan."

Túnbọ̀sún ò dúró gbàṣẹ lọ́dọ̀ Jibril kó tó gba agbára àtipa nǹkan rẹ́ kúrò lọ́wọ́ ètò náà. Ó ní kí àwọn tó wà nídìí káàdì sinmi fífi agboolé wá èèyàn ná. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ atọ́ka náà ní ọ̀nà tó falẹ̀, tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ó ń gbọ́ ìkérora Sàlímọ́tù láti òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dùn ún wọra. Obìnrin yìí jókòó sórí àpò ata láti Afọ̀n wá. Kò bẹ̀bẹ̀ fún ohun méjì ju kí wọ́n rántí ohun tó ti sọ fún wọn. Àbí kí ni ìwé tí ilé ìwòsàn ń kọ wà fún?

Iṣẹ́ parí. Túnbọ̀sún tẹ agboolé Ọ̀jẹ̀túndé, ó tẹ orúkọ ọkọ. Sàlímọ́tù yọ lójú ẹsẹ̀, orúkọ abẹ́rẹ́ náà sì wà lábẹ́ tirẹ̀. Túnbọ̀sún sáré jáde, ó ń pe orúkọ abẹ́rẹ́ náà bí ẹni ń pariwo olè.

Nígbà tí Àpèkẹ́ jáde wá sọ pé ìyá yè, ọmọ yè, Màmá Àṣíáwù, ìyá ọkọ Sàlímọ́tù, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Ó wá bi Jibril pé, "Bàbá, kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Bọ́dà tí wọ́n tì yìí ni. Kò jẹ́ kí ẹ̀rọ wa ṣiṣẹ́ dáadáa."

Àwọn obìnrin yòókù mi orí. Wọ́n gbà á gbọ́. Kí ni bọ́dà ò tíì bà jẹ́? Màmá Àṣíáwù tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún Jibril, pé Ọlọ́run á dúró tì í, pé ọmọ tirẹ̀ náà...

"Kì í ṣe bọ́dà, Màmá," ni Túnbọ̀sún wí.

"Túnbọ̀sún!" Ohùn Jibril le.

"Àwa ni, Mà. A pa ọ̀nà tí a fi ń rí yín rẹ́, torí pé ẹ kì í wá lójoojúmọ́."

Màmá Àṣíáwù wo Túnbọ̀sún, ó wo Jibril. Ó rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ láìṣe àmín.