Orúkọ Tí Kò Sí Lẹ́nu Ẹlòmíràn

"Tún un pè fún mi," ni Màmá Ṣìkẹ́mi wí. Ìṣù pùpùrù ẹ̀gẹ́ tí ó ń mọ lọ́wọ́ dúró sáàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò gbé e sórí àjà tí iná ń rú èéfín sí, kò sì dá a padà sínú agbada.

Tóbilọ́ba rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ ọn lára. Kò sí ibi tí ó dé rí tí wọn kì í ní kí ó tún orúkọ bàbá rẹ̀ pè.

"Ellerbrock, mà. Tóbilọ́ba Ellerbrock. Bí ó bá le lẹ́nu yín, ẹ sọ pé Ẹ́lẹ́búrọ́ọ̀kù. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ ń pè é."

"Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn? Kì í ṣe ìnagijẹ?"

"Orúkọ ìdílé wa ni, mà."

Ṣìkẹ́mi jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo olólùfẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn òjò. Ọ̀sẹ̀ yìí ni ọ̀sẹ̀ ayọ̀ rẹ̀. Ní Sátidé, àwọn ará ilé Tóbi yóò wá mọ àwọn ará ilé rẹ̀, wọn yóò sì tọrọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kàn fẹ́ mọ orúkọ ìdílé ọkọ ni, kí ó lè sọ fún àwọn àbúrò bàbá Ṣìkẹ́mi, nítorí bàbá náà ti dolóògbé. Títí di ọjọ́ náà, "Tíṣà Tóbi" nìkan ni Màmá mọ̀ ọ́n sí, nítorí pé jọ́gíráfì ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama kan ní Òkìtìpupa. Ṣìkẹ́mi ní tirẹ̀ ti mọ orúkọ náà tipẹ́. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ní ọ́fíìsì káńsù tí ó ti ń tẹ̀wé, a máa pe ara rẹ̀ ní Mísíìsì Ellerbrock lábẹ́ ahọ́n, yóò sì máa dá rẹ́rìn-ín.

"Báwo ni orúkọ òyìnbó ṣe dé Òde-Ìrẹ̀lẹ̀?" ni Màmá bèèrè.

Ìbéèrè tí Tóbi fẹ́ràn jù láyé nìyẹn. Ó tún ara ṣe lórí ìjókòó. "Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ni, mà. Jámánì ni. Ó wá wa ọ̀dà dúdú tó wà nínú ilẹ̀ lápá Àgbábù, kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ́ sílẹ̀. Ẹ wo àwọ̀ mi."

"Àwọ̀ rẹ pọ́n lóòótọ́," ni Ṣìkẹ́mi dá sí i, "ṣùgbọ́n imú yẹn, imú àwa ọmọ Ìkálẹ̀ ni o!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tí mo wà ní yunifásítì," ni Tóbi ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "olùkọ́ Jámánì kan túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní igi kan wà tó máa ń hù létí omi lọ́dọ̀ wọn, òun ni wọ́n ń pè ní *Eller*. *Brock* sì ni àbàtà. Àwọn tí ilé wọn wà lẹ́bàá àbàtà onígi ni wọ́n ń fi orúkọ náà pè láyé àtijọ́. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn pàápàá, àwọn tó ń jẹ́ ẹ kò pọ̀ mọ́. Ní Nàìjíríà ńkọ́, mà? Ilé wa nìkan ni. Èmi nìkan sì ni ọkùnrin tó ṣẹ́kù níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ yìí lára ẹnikẹ́ni, ẹ má wulẹ̀ bèèrè, ẹ̀jẹ̀ wa ni."

"Ẹ̀jẹ̀ yín ni," ni Màmá tún sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọ́ oògùn kíkorò wò. Ó gbé ìṣù pùpùrù náà lé àjà. Ó yí gbirigbiri, ó já sínú eérú, ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. "Ẹ máa lọ sí pálọ̀. Èéfín yìí pọ̀ jù."

Tóbi kò tíì dé ìkóríta tí Màmá fi ti ilẹ̀kùn.

"Kí wọ́n má wá ní Sátidé mọ́."

Ṣìkẹ́mi rò pé ó ń ṣeré ni. "Mọ́mì?"

"Mo ní kí wọ́n má wá! Bàbá tó bí ìyá mi, orúkọ yẹn gan-an ni ó ń jẹ́, kí ó tó bọ́ ọ sílẹ̀ tí ó padà sí orúkọ bàbá rẹ̀. Ìwọ náà gbọ́ ohun tí ọmọkùnrin yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Kò sí ilé méjì. Ẹbí rẹ ni, Ṣìkẹ́mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

Ṣìkẹ́mi fà sẹ́yìn. Ó rántí ọwọ́ Tóbi ní èjìká rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu èjìká náà. "Irọ́ ni. Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí."

"Kí ni ǹ bá sọ? Mo bèèrè lọ́wọ́ ìyá mi lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó gbá mi létí débi pé mo gbọ́ agogo. N kò tún bèèrè mọ́. Ṣùgbọ́n Ìkálẹ̀ kì í fẹ́ ẹbí ara wọn, bí okùn náà ti wù kó gùn tó. N kò ní fi ọwọ́ ara mi sin ọ́ lọ sínú èèwọ̀."

"Nígbà náà, èmi yóò lọ bèèrè lọ́wọ́ Màmá àgbà."

"Kò ní dá ọ lóhùn."

"Kí ó gbá èmi náà létí!" ni Ṣìkẹ́mi fi ẹkún wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó yà sọ́dọ̀ Tóbi kí ó tó lọ bá Màmá àgbà, ó sọ ohun tí ìyá rẹ̀ wí fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tún yára fi í sílẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá ọwọ́ náà ṣì tọ́ sí òun. Ìfisílẹ̀ yẹn dun Ṣìkẹ́mi ju ẹkún òru lọ.

Epo bẹntiróòlù wọ́n lọ́sẹ̀ náà, takisí kò sí. Ọ̀kadà ni ó gbé e lọ sí Igbótako, níbi tí Màmá àgbà ń gbé. Òjò ti kún àbàtà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, omi rẹ̀ dúdú, ó dákẹ́, kò sí ẹyẹ kan tó dún níbẹ̀.

"Sìstá, ṣé ọlọ́fọ̀ lẹ fẹ́ lọ kí ni?" ni ọlọ́kadà bèèrè. "Ojú yín ò dáa."

"Wo iwájú rẹ, jọ̀ọ́."

"Ẹ má bínú o. Èmi kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí n rọra sáré ni."

Salome, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń já ẹyìn kúrò lára ìdì rẹ̀. Ojú ìyá àgbà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú tán, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí ẹ̀gún wà. Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀, ó kí i. Wọ́n sọ̀rọ̀ ìyá, wọ́n sọ̀rọ̀ iṣẹ́, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Lẹ́yìn náà ni ó sọ orúkọ náà jáde.

Ọwọ́ Salome dúró.

"Ta ló pè é sí ọ létí?"

"Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni ó ń jẹ́ ẹ, mà."

"Ará Òde-Ìrẹ̀lẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mọ́mì ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbá mi létí tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi."

Ìyá àgbà náà fi etí aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀. "Kò sí ẹ̀jẹ̀. Òyìnbó yẹn kò bí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ yìí."

"Ẹ ṣeun! Olúwa mi, ẹ ṣeun!" Ṣìkẹ́mi ti dìde, ó ti fẹ́ máa jó. Ọkàn rẹ̀ fò lọ bá Tóbi ní Òkìtìpupa kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mọ̀.

"Jókòó. N kò tíì dákẹ́."

Ó jókòó.

"Ìránṣẹ́ méjì ni òyìnbó náà ní," ni Salome wí. "Bàbá mi ń se oúnjẹ rẹ̀. Ará Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ yẹn, bàbá ńlá ọkọ rẹ, ń wa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Nígbà tí ogun dé, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn Jámánì. Òyìnbó sá wọ inú àbàtà, àwọn méjèèjì sì bá a lọ. Ibẹ̀ ló kú sí, tí wọ́n sì sin ín."

"Kí ló pa á?"

"Ibà. Ohun tí bàbá mi sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n títí tó fi kú, kò lè gbọ́ kí ènìyàn bèèrè omi lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọdé ì báà jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, tó bá ti ní 'omi,' bàbá yóò sáré bù ú wá, yóò sì dúró tì í títí yóò fi mu ún tán. Àwọn méjèèjì mulẹ̀ lórí ibojì náà. Wọ́n bu erùpẹ̀ rẹ̀ sínú omi àbàtà, wọ́n mu ún. Wọ́n ní àwọn kò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fáyé, pé àwọn ti di ọmọ ìyá, pé ọmọ ilé kìíní kò gbọdọ̀ fẹ́ ọmọ ilé kejì láé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìrìbọmi, orúkọ òyìnbó ni àwọn méjèèjì mú. Wọ́n fẹ́ orúkọ tí kò sí lẹ́nu ẹlòmíràn ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kí àwọn ọmọ wọn lè tètè dá ara wọn mọ̀, kí wọ́n sì yẹra. Àwọn ará Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ ló wá sọ ọ́ di pé òyìnbó bí wọn."

"Ilẹ̀ tí wọ́n mu láyé àtijọ́ ni, mà. Àwa ti di ọmọ ìjọ."

"Ohun tí Rose sọ nìyẹn."

Rose ni ẹ̀gbọ́n Salome. Ṣìkẹ́mi ti rí fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọmọbìnrin arẹwà tí gèlè rẹ̀ tẹ̀ sí apá ọ̀tún. Wọ́n ní ó kú ní kékeré.

"Bàbá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún èmi àti Rose. Rose rẹ́rìn-ín. Ó ní ìfẹ́ ni òun mọ̀, pé ẹrẹ̀ lásán ni àwọn bàbá mu. Ó bá ọmọ ilé Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ yẹn sá lọ, kò sì sọ orúkọ ilé wa tàbí ohun tí ó mọ̀ fún un. Ó bí ọmọ, ọmọ náà kò dúró. Ó tún bí, kò dúró. Ibi tí ó ti ń bí ẹ̀kẹta ló kú sí, òun àti ọmọ náà."

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ilẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan. Orí kò fọ́ ọ. Ó fẹ́ ẹlòmíràn, ó bí bàbá ọmọkùnrin tìrẹ yìí, ó sì darúgbó. Kò mọ̀, ṣé o rí i? Ẹni tó bá mọ̀ ni ilẹ̀ ń bá jà. Nígbà tí Rose kú, bàbá mi ní orúkọ náà ló pa á. Ó bọ́ ọ sílẹ̀, ó ní kí a má pè é mọ́ nílé yìí. Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn. Àmì tí ẹ̀yin ìbá fi mọ ara yín ló sọ nù."

"Màmá àgbà, bí ó bá jẹ́ ẹni tó mọ̀ nìkan ni… kí ló dé tí ẹ fi sọ fún mi?"

Salome mú ìdì ẹyìn náà padà. "Ìwọ lo bèèrè," ni ó wí. "Ìyá rẹ bèèrè, mo gbá a létí. Mo ti darúgbó jù láti gbá ìwọ. Fi ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀, ilẹ̀ kò ní rí ọ. Tàbí kí o fẹ́ ẹ. N kò ní wá ní Sátidé, n kò sì ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹnu rẹ ló kù."

Ní gbogbo ọ̀nà àbọ̀, Ṣìkẹ́mi kò rí igi, kò rí ilé. Ó ń gbìyànjú láti fojú inú wo ayé tí Tóbi kò sí nínú rẹ̀, ojú inú rẹ̀ kọ̀. Bí ó bá sọ fún un, Tóbi náà yóò di ẹni tó mọ̀. Yóò tún pàdánù bàbá ńlá òyìnbó tí ó fi ń yangàn, yóò sì rí ọkùnrin méjì nínú àbàtà dípò rẹ̀, àti ẹnì kan tó ń bẹ̀bẹ̀ fún omi. Ó sì mọ Tóbi. Bí ó bá mọ̀ pàápàá, kò ní fi òun sílẹ̀.

Tóbi dúró ní gáréèjì Òkìtìpupa, ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì funfun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jọ pé kò tíì jẹun. Bí ó ti rí Ṣìkẹ́mi tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó dúró sọ́ọ̀ọ́kán, kò súnmọ́ ọn.

"Sọ ọ́ kíá," ni ó wí. "Ohunkóhun tó bá jẹ́, sọ ọ́."

"Kò sí ẹ̀jẹ̀ láàárín wa."

Ó pariwo débi pé àwọn awakọ̀ yíjú wò wọ́n. Ó gbé e sókè, ó yí i po, ó gbé e kalẹ̀, ó tún gbé e. "Báwo wá ni orúkọ náà ṣe dé ilé yín?"

"Bàbá Màmá àgbà bá òyìnbó náà ṣiṣẹ́ ni. Orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ló mú."

"Mo mọ̀! Mo ti mọ̀ pé ènìyàn rere ni bàbá ńlá mi, tí ọmọọ̀ṣẹ́ rẹ̀ fi lè fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀." Ojú rẹ̀ ń dán, omijé sì wà níbẹ̀. "Ṣìkẹ́, a máa bí wọn o! Orúkọ yìí kò ní parẹ́ lọ́wọ́ wa. A máa bí wọn títí Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ yóò fi kún!"

Ṣìkẹ́mi gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ láìmọ̀. Ó ń wo ojú tó ń dán yẹn, ojú ẹni tí kò mọ nǹkan kan, tí orí kò sì ní fọ́ láé.

"Kí ni Màmá àgbà tún sọ?" ni Tóbi bèèrè.

"Wọ́n ní kí n kí ọ," ni ó dáhùn, ó sì mú ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n máa lọ sílé.